Tọ́ọ̀ṣì Tí Akínbòyè Rà Lọ́sàn-án

Àwọn ará Ìkúnrí kì í gbé orí òkè mọ́, ṣùgbọ́n orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn sùn sí. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ń gun òkè náà lóru láti lọ gbá ojú oórì àwọn tiwọn. Òfin ibẹ̀ le: ẹni tí ilẹ̀ bá mọ́ bá lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ padà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá Akínbòyè ló máa ń ṣíwájú ìdílé wọn. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín sórí òkè, ipò aṣíwájú sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyá Akínbòyè ti darúgbó, orúnkún sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara òun gbá ojú oórì ọkọ òun kí òun tó kú. Akínbòyè ṣèlérí pé òun á mú un débẹ̀.

Ló bá lọ sọ́dọ̀ Rájí tó ń ta tọ́ọ̀ṣì lọ́jà, lọ́sàn-án gangan. Rájí mú kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ní èyí ni àwọn tó ń rin igbó lóru máa ń rà, torí kì í wúwo, ó sì ń fi ilẹ̀ han ẹsẹ̀. Akínbòyè tàn án sára ògiri tí oòrùn ń ràn sí, kò rí nǹkan kan. Ó wá mú ńlá kan tó gùn bí ọmọ odó. Ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ hàn kedere nínú oòrùn. Rájí bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di ìrọ̀lẹ́, kí àwọn jọ tan méjèèjì wò.

“Ẹ̀gbọ́n, iná tó lè dojú kọ oòrùn, kí ni òkùnkùn jẹ́ lójú rẹ̀?”

“Òkùnkùn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún ọ,” Rájí fèsì. “Ojú rẹ ni.”

Akínbòyè ra ńlá. Gbogbo ilé yìn ín, àfi Mopélọ́lá, ìyàwó rẹ̀, tó fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí iná rẹ̀ bá kú, àwọn á fi gún iyán.

Lóru ọjọ́ ìgòkè, gbogbo wọn, títí kan ìyá, dé ìdajì òkè kí kùrukùru tó bo ọ̀nà. Akínbòyè tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àfi bí ẹni ta aṣọ funfun síwájú wọn. Ìmọ́lẹ̀ náà kò gba inú kùrukùru kọjá, ńṣe ló ń padà sí wọn lójú. Ó pa á, òkùnkùn dì. Ó tún tàn án, ojú wọn tún ṣú. Ibi tó yẹ kó ti fọwọ́ méjèèjì di àpáta mú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Báyìí ló ṣe yà kúrò lọ́nà láìmọ̀, tí wọ́n bá ara wọn létí ọ̀gbun. Wọn ò lè lọ, wọn ò lè bọ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí kùrukùru ká, ojú oórì náà ò ju ibi tí òkò lè dé lọ. Àwọn àbúrò bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bú Akínbòyè pé àṣehàn ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó ti ba orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀,” ó ní. “Kò gbèrò ibi. Ojú ọ̀sán ló fi yan iná òru, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀.”

Nígbà tó di ọdún kejì, ìyá kò lè gun òkè mọ́. Akínbòyè padà sọ́dọ̀ Rájí lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Wọ́n lọ sẹ́yìn ìsọ̀, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ ara wọn nínú koríko. Èyí tó kéré jù ló rà.

Lálẹ́ ọjọ́ ìgòkè, ó pọn ìyá rẹ̀, Mopélọ́lá sì fi ọ̀já gbà á mọ́ ọn lára. Akínbòyè fi eyín di tọ́ọ̀ṣì náà mú, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè di àpáta mú. Kùrukùru tún bò wọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ ń hàn. Ìyá ń fi í ṣẹ̀sín lọ́nà pé òun ló kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n, òun ò sì mí hẹlẹhẹlẹ báyìí. Kò lè dá a lóhùn, torí iná wà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n débẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Ìyá ní kí gbogbo wọn yà sẹ́yìn. Ó gbálẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló gbé ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ létí ọ̀gbun wọ̀lú, òun sì ni àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé ojú ọ̀sán kọ́ là á fi í yan iná òru.