Ẹní Àkísà Àwẹ̀ró

Ní ìlú Òkè-Ìrókò láyé àtijọ́, obìnrin alájàpá kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ogójì ọdún ló fi gbé ẹrù láti ìlú dé ìlú, kí orúnkún rẹ̀ tó ní òun ò lọ mọ́. Kò bímọ, kò sì kó ọrọ̀ jọ. Ohun tó kó bọ̀ láti àjò kò ju àkísà aṣọ tó gbó sí i lára lójú ọ̀nà, àfọ́kù igbá, ìyẹ́ ẹyẹ àti okùn bàtà tó já. Ó rán wọn mọ́ ẹní ńlá kan, ó fi oje igi lẹ èyí tí abẹ́rẹ́ kò lè gún, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ará agbo ilé ń wá jókòó síwájú ẹní yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀, Àwẹ̀ró a sọ ìtàn bó ṣe rí i. Lásìkò bẹ́ẹ̀, a máa rí bí ẹni tó bí ọmọ mẹ́wàá, inú rẹ̀ a sì dùn.

Ọ̀jẹ́lábí, ọmọ àbúrò rẹ̀, ni ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin yìí ò tíì lọ sí àjò ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ọjà yá fún un, aṣọ rẹ̀ sì kún àpótí mẹ́rin. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó kàn ń fẹ́ kí wọ́n máa pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ náà ni. Ó ní tó bá jẹ́ ti aṣọ, kí ni ìyá àgbà ní tí òun ò ní? Ló bá mú ọ̀bẹ, ó gé aṣọ tuntun mẹ́wàá wẹ́wẹ́, àti sányán àti àlàárì. Àwọn tó mọ iyì aṣọ káwọ́ lérí. Ó rán gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹní tó fẹ̀ ju ti Àwẹ̀ró lọ.

Ẹní náà dára, kí á má purọ́. Ó ń tàn yòò débi pé kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, gbogbo agbo ilé ti ṣí lọ síbẹ̀. Àwẹ̀ró nìkan ló ń jókòó nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹní ló ń dùn ún. Ó ń bẹ̀rù pé báyìí ni òun yóò máa dá jókòó títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, Ẹfúnyẹlá, ìyàwó tí ọ̀kan nínú àwọn ará agbo ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ìdó-Ẹ̀lúlù, wá wo ẹní Ọ̀jẹ́lábí. Àárò ilé ń sọ ọ́. Ó béèrè bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tó ti ìlú òun wá. Ọ̀jẹ́lábí yára nawọ́ sí aṣọ pupa kan.

“Báwo lẹ ṣe rí i, ọkọ mi?”

“Mo rà á lọ́jà ni.”

Ẹfúnyẹlá dúró kó sọ ìyókù, ṣùgbọ́n kò sí ìyókù. Ó béèrè òmíràn àti òmíràn, ọjà náà ni gbogbo wọn ti wá. Ó dúpẹ́, ó kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àwẹ̀ró, ó sì béèrè ohun kan náà. Ìyá àgbà fi ìka lé ègé ìró kan tó ti ṣá.

“Ọdún tí òjò há mi mọ́ ìlú yín nìyí. Ẹsẹ̀ mi là, mi ò lè rìn. Obìnrin kan tó ń ta epo lẹ́bàá odò fa ìró ìdí rẹ̀ ya, ó fi dì í fún mi. Oṣù kan gbáko ni mo fi jẹun nílé rẹ̀. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń fọwọ́ bo ẹnu.”

“Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń rẹ́rìn-ín nílùú wa, Ìyá,” ni Ẹfúnyẹlá wí. Òun náà ti fọwọ́ bo ẹnu, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó fa àpótí, ó jókòó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn yòókù ti bá a níbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Ọ̀jẹ́lábí ló dé kẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí Ìyá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe àkísà, nítorí òun ba aṣọ mẹ́wàá jẹ́, kò sì jọ ọ́. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó ní kó wá jókòó ti òun.

“Ọmọ mi, a kì í fi ọ̀bẹ ṣe é. Wọ èyí tó kù, kó o máa rìn. Yóò gbó fúnra rẹ̀.”

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Òkè-Ìrókò ti ń sọ ọ́, tó fi di òwe lẹ́nu gbogbo wa, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.