Aṣọ́gbó Tí Kò Léyín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ló ń ṣọ́ igbó, tó ń jẹ igbó, tó sì ń gbin igbó láìmọ̀?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ó dáa. Ẹ jókòó, kí ẹ yé wo ikùn mi. Ikùn tèmi ò ṣọ́ igbó ẹnikẹ́ni, ẹ̀bà ló sọ ọ́ dà báyìí. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó fò kọjá odò, ó wọ igbó lọ, ó sì balẹ̀ gbì sí ẹ̀yìn Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan, àwọn ẹranko jẹ ìyeyè inú igbó wọn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Igi ń kú, òmíràn ò hù. Ó wá ku ìwọ̀nba díẹ̀ létí odò. Erin, ọba wọn, pe ìpàdé. Ó ní, "Lọ́dún yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ìyeyè etí odò. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, kó hù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, tòun tọmọ rẹ̀ ni yóò kúrò nínú igbó yìí. A sì ń fẹ́ aṣọ́gbó."

Iṣẹ́ aṣọ́gbó kì í ṣe eré. Láàárọ̀ ni wàá ti máa rìn yí igbó ká, wàá tú tàkúté ọdẹ, wàá wo ipasẹ̀, wàá ro etí igbó kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà rí ibi gbà wọlé.

Ìjàpá bá na ọrùn jáde.

"Kábíyèsí, ẹ wò mí dáadáa. Mi ò lè gun igi. Mi ò lè fò. Bí mo bá ń sáré, ìgbín á ní kí n ṣe kíá. Mi ò tilẹ̀ ní eyín kan lẹ́nu! Ta ló tún yẹ kí ẹ fi ṣọ́ èso, bí kò ṣe òkúta tó ń rìn yìí?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n so fèrè mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tó bá ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kó lè gba kọ́kọ́rọ́, ẹ di kọ́kọ́rọ́ yín mú. Èmi náà máa ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rí?

Òjò ń tán lọ. Erin gba odò ńlá lọ láti lo ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀. Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń rìn, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló wọgbó ọba?
Fẹ́rẹ́ńfẹ́!
Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ń bọ̀ o,
Fẹ́rẹ́ńfẹ́!
Olè tó gbọ́n kó sá lọ,
Fẹ́rẹ́ńfẹ́!
Aṣọ́gbó ò léyín tí yóò fi jẹ,
Fẹ́rẹ́ńfẹ́!

Ó dé etí odò. Ìyeyè pọ́n, ó bọ́ sílẹ̀, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Ó ní, "Ẹyọ kan péré. Aṣọ́gbó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣọ́." Ó gbé e mì. Ó ní kí èkejì lọ bá èkíní, kó má baà dá nìkan wà nínú òkùnkùn. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó mú, abẹ́ igi ti mọ́ tónítóní, ikùn Ìjàpá ò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ mọ́.

"Bàálé mi," Yánníbo ní, "kí lẹ fẹ́ sọ fún Erin?"

"Màá ní Ọ̀bọ ni. Ta ni ò mọ̀ pé Ọ̀bọ ń jẹ èso?"

Ó fọn fèrè, ó pe àwọn ẹranko jọ, ó nàka sí Ìyá Ọ̀bọ tó gbé ọmọ tuntun mọ́yà. "Èyí ló kó gbogbo rẹ̀ lọ! Kóró kan ò ṣẹ́kù!"

"Èmi?" Ìyá Ọ̀bọ ní. "Ìwọ tí ikùn rẹ yọ bí aboyún, èmi lò ń pè lólè?"

"Iṣẹ́ ìlú ló wú mi níkùn."

Wọ́n sì gbà á gbọ́! Fìlà ni wọ́n gbà gbọ́, òmùgọ̀ gbogbo. Wọ́n ní kí Ìyá Ọ̀bọ má kúrò lórí igi rẹ̀ títí Erin yóò fi dé, kó wá lé e. Ó fọwọ́ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Níbo ni yóò gbé e lọ? Ìbọn ọdẹ ló wà lẹ́yìn igbó.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Erin ń bọ̀. Lójú ọ̀nà tí aṣọ́gbó máa ń gbà, ó rí ọmọ igi ìyeyè lọ́tùn-ún, ó rí i lósì, láti etí odò títí dé ẹnu ọ̀nà Ìjàpá. Ti ẹ̀yìnkùlé Ìjàpá tilẹ̀ ki bí ebè tẹ̀tẹ̀. Inú Erin dùn, ó han gooro.

"Ta ló gbin gbogbo èyí? Mo fẹ́ fi í joyè!"

Ìjàpá ò jẹ́ kó gbẹ́nu dúró. "Èmi ni, Kábíyèsí! Ara mi ni mo fi gbìn ín!"

"Ẹnikẹ́ni ò ràn ọ́ lọ́wọ́?"

"Ta ni? Èmi nìkan ṣoṣo. Kí ẹ má pín oyè mi sí méjì o."

Ìyá Ọ̀bọ sọ̀rọ̀ láti orí igi. "Aṣọ́gbó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí kóró? Ẹ̀yin lẹ ní mo kó gbogbo rẹ̀ lọ."

Ìjàpá nàka sójú ọ̀run.

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá."

"Afẹ́fẹ́ wo ló mọ ilé yín tó bẹ́ẹ̀? Èmi léyín. Bí mo bá jẹ ìyeyè, ìdí igi ni mo máa ń tu kóró sí. Ta ni ò léyín nínú igbó yìí, tó ń gbé e mì tòun ti kóró?"

Àwọn ọmọ ẹranko bá gbe orin: "Aṣọ́gbó ò léyín tí yóò fi jẹ!"

Yánníbo kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, èmi tí mò ń gbá ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ bi. Ara rẹ̀ ló fi gbìn ín lóòótọ́. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí n sọ ibi tó gbà jáde."

Erin rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi mì. Ó ní, "Ó yẹ kí n lé ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá máa gbin igbó? Oyè rẹ rèé: máa jẹ èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, má gbójú sókè wo igi, kí o sì máa gbìn ín ká bí ara rẹ ṣe mọ̀ ọ́n gbìn."

Wọ́n bọ́ fìlà lórí rẹ̀ àti fèrè lọ́rùn rẹ̀, wọ́n kó o fún Ìyá Ọ̀bọ. Ìjàpá fa orí wọlé, ó ń kùn nínú ìkarahun pé, "Ìgbà tí mo bú ara mi, iṣẹ́ dé. Ìgbà tí mo yin ara mi, iṣẹ́ lọ."

Ìdí nìyí tí ìyeyè fi ń hù lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ín sí. Ìdí nìyí tí Ọ̀bọ fi ń ké lórí igi bí ọdẹ bá wọgbó.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí rèé. Bí mo bá parọ́, kí ìyeyè hù ní ìdodo mi kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ̀yin ọmọ yìí sì máa gùn mí ká a.