Èjí Tí Ewúrẹ́ Fi Ìkánjú Wá

Nígbà láéláé, nígbà tí eyín òkè ṣì pé níwájú ẹnu ewúrẹ́ bí ó ṣe pé lẹ́nu èmi àti ìwọ, ìlú kan wà tí àwọn ẹranko inú rẹ̀ ti kó gbogbo ẹ̀wà sí ẹnu. Bí ìrù rẹ gùn, kò sẹ́ni tí yóò wò ó. Bí ara rẹ ń dán, ìwọ lo mọ̀. Èjí ni wọ́n ń wò, àlàfo kékeré tó máa ń wà láàárín eyín méjì iwájú lókè. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní tirẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín kiri láìnídìí. Ẹni tí kò ní a gba ọ̀dọ̀ Ẹ̀gà lọ.

Ẹ̀gà ni ẹyẹ kékeré tó ń fi ewé ọ̀pẹ kọ́lé. Bí ó bá ti ya ewé tán, igi ìgbálẹ̀ ló ń kù sí i lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kí ó ṣòfò. Òun ló fi ń pèjí fún ará ìlú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sáàárín eyín méjèèjì. Bí ọrún bá pé, yóò yọ ọ́, yóò ki ẹyọ méjì síbẹ̀. Báyìí ni yóò máa fi ọ̀kan kún un ní ọrọọrún títí yóò fi di méje. Nígbà náà, eyín méjèèjì á ti sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí àwọn tó fún àlejò láyè lórí ẹní.

Èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé Ẹ̀gà kò lè rántí ẹni tó ti bá iṣẹ́ débì kan àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ló bá dá ọgbọ́n. Ó fa ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ya fún oníkálukú, ó fi í kọ́ ara igi. Ìgbà tí o bá wá, wàá mú ewé rẹ wá, yóò ta kókó kan sí i. Iye kókó tó bá wà lára ewé ni iye ìgbálẹ̀ tí yóò ki sí ọ lẹ́nu. Ọgbọ́n náà dára, àfi pé nígbà tó yá, Ẹ̀gà kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni dáadáa mọ́. Kókó ló ń kà.

Ewúrẹ́ wà ní ìlú yìí, ọmọge tó mọ̀ ọ́n rìn, tó sì mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Òbúkọ tó ń gbé ní òdìkejì odò ti ránṣẹ́ pé òun àti àwọn ará ilé òun ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ ní ìtàdógún. Ewúrẹ́ fẹ́ràn Òbúkọ gan-an. Inú rẹ̀ ń dùn títí ó fi dé etí odò, tó gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún ẹnì kejì pé Òbúkọ kò lè fẹ́ ẹni tí kò bá ní èjí láéláé. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu Òbúkọ? Ewúrẹ́ kò béèrè. Ó gbé korobá omi kalẹ̀, ó sáré lọ bá Ẹ̀gà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èjí ni mo wá ṣe," ó ní. "Ẹ bá mi parí ẹ̀ kí ìtàdógún tó pé."

"Ìgbà méje lo máa wá," ni Ẹ̀gà dá a lóhùn. "Ọrọọrún ni. Mi ò kì í dín in fún ọmọ ọba, mi ò kì í dín in fún ẹbí mi. La ẹnu."

Ewúrẹ́ la ẹnu. Ẹ̀gà náà la tirẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ìgbà tí ìyẹ́ rẹ̀ bá wà lẹ́nu ẹni tán pátápátá ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Aàà," ni Ewúrẹ́ wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gúsí tó gbìn lọ́dún yìí ńkọ́?"

"Aàà."

"Ẹ kú iṣẹ́. Bá mi kí i."

Ọrún pé, Ewúrẹ́ padà lọ, wọ́n ki ẹyọ méjì sí i lẹ́nu. Ó wo ojú omi. Àlàfo ti wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèrà kò lè gbà á kọjá. Ẹ̀rù bà á. Bí Òbúkọ bá dé, tó wo ẹnu rẹ̀, tó sì yí padà lọ ilé ńkọ́? Ojú wo ni yóò fi wo ìyá rẹ̀?

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ewúrẹ́ mọ òwe náà, ó tilẹ̀ máa ń pa á fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọrún kejì pé, tó ku ọjọ́ díẹ̀ péré, ó tètè dé ìdí igi kí ẹlòmíràn tó dé. Ó mú ewé rẹ̀ tó ní kókó méjì, ó fi eyín fa orí rẹ̀, ó ta kókó mẹ́rin kún un.

Ẹ̀gà gba ewé náà, ó ń sọ̀rọ̀ òjò tó rọ̀ lánàá. Ó ka kókó mẹ́fà, ó ta èkeje sí i.

"O kú oríire," ó ní. "Èyí ló kẹ́yìn. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Aàà."

Ìgbálẹ̀ méje náà kò fẹ́ wọlé. Ẹ̀gà mú ọmọ òkúta, ó gbá wọn wọlé, ó sì pe ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo Ewúrẹ́ lójú omi. Èjí ti là gbayawu. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó tún yí i sósì. Ayọ̀ náà mú kí ebi pa á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já koríko jẹ. Bí ó ti fà á báyìí, eyín kan bọ́ sínú koríko. Kí ó tó wá a rí, èkejì tẹ̀lé e. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò rí ibi fara tì mọ́, òun náà wó. Kí Ewúrẹ́ tó rìn dé ojú ọ̀nà, kò ku ẹyọ kan níwájú lókè.

Ó di gbogbo wọn sínú ewé kókò, ó sáré padà, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀gà wo ẹnu rẹ̀, kò béèrè ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó mú ewé ọ̀pẹ Ewúrẹ́, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

"Apá ọ̀tún ni mò ń yí kókó tèmi sí," ó ní. "Mẹ́rin nínú èyí yí sósì. Ta ló ta wọ́n?"

Ewúrẹ́ tẹ orí ba.

"Ọmọ mi, eyín kọ́ ni mo máa ń tì ní tèmi. Egungun tó gbé e dúró ni mo máa ń bẹ̀. Tí a bá bẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á máa tẹ̀lé eyín lọ. Tí a bá já lù ú, egungun á dúró, eyín á lọ."

"Ṣé ẹ ò lè dá wọn padà ni, Bàbá?"

"Mi ò lè ṣe é. Èmi náà sì jẹ̀bi, torí kókó ni mo kà, mi ò wo ẹnu rẹ."

Ìtàdógún pé. Òbúkọ dé pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Ewúrẹ́ ń kí wọn pẹ̀lú ètè pípa dé, "Mmm, mmm." Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Òbúkọ náà ń dáhùn, "Mmm, mmm." Ìyá Ewúrẹ́ gbé odidi ṣírí àgbàdo tútù wá fún wọn. Gbogbo àlejò ń já a jẹ. Ewúrẹ́ kò fọwọ́ kàn án. Òbúkọ kò fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, wọ́n rò pé ìjà ti dé kí ìgbéyàwó tó dé.

Òbúkọ tọrọ àyè, ó mú Ewúrẹ́ lọ sẹ́yìn àká. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó kúkú pinnu láti sọ òtítọ́, kó lè yára parí.

"Wọ́n ní o ò lè fẹ́ ẹni tí ò ní èjí," ó ní. "Mo lọ ṣe é. Wò ó." Ó sì la ẹnu.

Òbúkọ wo ẹnu náà títí. Kò sá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí sókè, ó rọra ká ètè òkè rẹ̀, ó jẹ́ kó rí èrìgì òkè rẹ̀ látọ̀tún dósì. Eyín kankan kò sí níbẹ̀.

"Wọ́n sọ fún èmi náà pé o ò ní fẹ́ akọ tí ò ní èjí," ó ní. "Mo lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gà abúlé wa. Kókó márùn-ún ni mo ta kún tèmi."

"Mẹ́rin ni mo ta," ni Ewúrẹ́ wí.

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn àgbà fi dìde wá wò wọ́n. Wọ́n fẹ́ ara wọn, ayé wọn sì dùn. Nígbà tí wọ́n bímọ, ẹnu àwọn ọmọ náà rí bí ti ìyá àti bàbá wọn. Bí ẹ bá bi mí pé àgùntàn ńkọ́, ta ni kò mọ̀ pé àgùntàn kì í dá rìn, ohun tó bá rí lọ́wọ́ ewúrẹ́ náà ló ń ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹ̀gà ti ń pariwo lórí igi láti òwúrọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dé, tọkọtaya àtọmọ ni wọ́n ń bi í lẹ́ẹ̀kan náà: ta ni ìwọ, ìgbà mélòó lo ti wá, la ẹnu ká kọ́kọ́ wò ó.

Láti ọjọ́ náà sì ni òbúkọ, bí ó bá ti pàdé ewúrẹ́ lójú ọ̀nà, ti máa ń gbé orí sókè, tí yóò ká ètè òkè rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ pé òórùn kan ló ń gbọ́. Òórùn kọ́. Ẹnu tirẹ̀ ló ń fi hàn án, kí ojú má baà tì í.