Agolo Tábà Ogún Ọdún

Nígbà tí Olóyè Adémúyìwá, tí gbogbo Ìdí-Ahùn ń wárìrì fún, gbọ́ pé tábà inú agolo a máa dùn sí i bó bá ṣe ń gbó, ó ní èyí tí kò bá tíì pé ogún ọdún kò ní wọ ìkòkò òun mọ́. Ó pàṣẹ fún Àwẹ̀ró, opó tó ń ta tábà, pé kó mú irú rẹ̀ wá lọ́túnla, kó kọ ọdún rẹ̀ sí ìdérí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ́jà. Oṣù tó kọjá ni tábà Àwẹ̀ró dé. Ó mú agolo kan, ó fi ẹfun kọ ọ́ sí i pé, “Ọdún tí Olóyè ṣèlérí kànga,” torí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dún ni wọ́n fi ń pe ọdún nílùú náà, ó sì gbé e lọ síwájú Olóyè àti àwọn àgbà. Olóyè kà á, ó rẹ́rìn-ín. “Àṣírí rẹ tú. Ọdún yìí ni mo ṣèlérí kànga.” Baba Ògúndépò, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, ní, “Ẹ má bínú, Olóyè, ọdún tí mo gbéyàwó ni. Ọmọ tí a bí nígbà náà ti ń bímọ.” Ẹlòmíràn ní ọdún tí àgbàrá gbé ọjà lọ ni. Ẹnì kẹta ti ń fi ìka ka àwọn ọdún yòókù nígbà tí Olóyè já agolo gbà, tó ki tábà sínú ìkòkò, tó ṣáná sí i. Ó ní, “Ó gbó. Ó tilẹ̀ ju ogún ọdún lọ. Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀.” Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní, “Olóyè, ó ku méjì nílé. Ọdún tí ẹ ṣèlérí afárá ni mo kọ sí àwọn yẹn.”