Àwọn Àlejò Tí Kò Lè Dáná

Ẹ gbé àpótí yín sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí à ń pariwo sọ. Ọdẹ́wùmí jẹ́ ọdẹ, ọmọ ọdẹ. Ìyàwó rẹ̀ kú, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Ìbíyẹmí. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méje, jẹjẹrẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣá bí ewé tí òkúta bò mọ́lẹ̀, ibà kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn. Oṣù kan kọjá, ibà lọ, ẹ̀rín dé. Ni baba bá gbé ọmọ rẹ̀, ó di ilé.

Nọ́ọ̀sì sáré tẹ̀ lé e. “Bàbá Ìbíyẹmí, ẹ jọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ ṣì kù!”

“Ẹran tó ti kú, ta ló tún ń yìnbọn lù ú?”

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó fi ọmọ sílẹ̀ nílé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó wọ Igbó Odò-Pupa lọ, níbi tí àwọn ẹ̀mí inú ẹ̀jẹ̀ ń gbé, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá àrùn náà ti tán. Létí odò ni ó ti bá ìyá arúgbó kan tí ń fi ìgbálẹ̀ gbá ojú omi.

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Àwọn tó ń pa ọmọ mi ni mo wá yìnbọn fún.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Ìbọn! Bí o bá yìn ín sáàrin ọjà, ṣé olè nìkan ni yóò bá? Gbọ́, ọdẹ. Ọmọ ogun tí ó kọ̀ láti dàgbà ni wọ́n; wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ rere tí ó jẹ́ onílé. Àbùkù wọn kan ni pé wọn kò lè dáná. Oúnjẹ kan wà tí onílé ń sè fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n inú odò ni àwọn wọ̀nyí ti ń bù ú jẹ. Èmi ni ẹ̀mí inú ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ rẹ; bí mo bá wọ itan rẹ̀, oúnjẹ yẹn ni mò ń gbá kúrò. Onílé a jẹ tirẹ̀, ebi a pa àlejò. Àwọn oògùn yòókù a sì máa bá wọn jà. Èmi náà le o! Ara ẹlòmíràn a máa kọ̀ mí, a wú, èémí rẹ̀ a há. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń jókòó ti ọmọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ìgbálẹ̀ mi sì ń já. Bí wọn kò bá tún rán mi wá, odò a tún kún fún oúnjẹ.”

“Ibà ti lọ, ìyá. Ṣé wọn kò tí ì tán ni?”

“Ìwọ ni kí o dáhùn. Bí o bá fín èéfín sí ihò òkété, tí méje jáde, tí o sì pa wọ́n, ṣé o ti lè máa lọ sílé?”

Ọdẹ́wùmí bú sẹ́rìn-ín. “Áà, ìyá! Ọ̀gbẹ̀rì ni ń dìde lẹ́yìn èéfín àkọ́kọ́. Àgbà ọdẹ a dí ihò ẹ̀yìn, a tún fín in, títí…”

Ìyá fi ìgbálẹ̀ na abẹ́ gbòǹgbò kan: àlejò méjì ló lúgọ síbẹ̀, wọ́n ń nu ẹnu.

Ọdẹ dọ̀bálẹ̀. “Ìyá, ẹ ṣèlérí fún mi pé yóò yè.”

“N kò lè ṣèlérí, ọmọ mi,” ni ìyá wí jẹ́jẹ́. “Iṣẹ́ ni mo lè ṣe. Tún rán mi.”

Ó sáré délé, ó gbé ọmọ kọ́rùn, ó di ilé ìwòsàn.

“Bàbá mi, ṣé abẹ́rẹ́ tún ni?”

“Abẹ́rẹ́ ni. Èmi ni mo ṣì í ṣe, má bínú.”

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. “Ẹ di ọwọ́ mi mú nígbà náà. Ẹ má sì wo ibòmíràn.”

Ó dì í mú. Kò wo ibòmíràn, lọ́jọ́ náà àti ní gbogbo ọjọ́ tí ó kù, títí dókítà fúnra rẹ̀ fi ní ó tó.

Ẹ̀yin ọlọ́mọ, bí ara ọmọ bá yá, ẹ bi ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó dìde. Èéfín àkọ́kọ́ kọ́ ni òpin ọdẹ. Lónìí, Ìbíyẹmí ti ga ju ìbọn baba rẹ̀ lọ.