Oríta Ìdí-Arère

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe yìí ló kó ogún èèyàn wọ oko kòkó nílùú wa.

Láníyọnu àgbẹ̀ kò tíì sá eré ìje ọlọ́nà jíjìn rí. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń sáré lọ sóko láràárọ̀ kó lè mọ́ ọn lára. Síbẹ̀, nígbà tọ́jọ́ ìje pé, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé:

"Bí mo bá ṣubú lójú gbogbo ayé ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹsẹ̀ tó ń gbé yín lọ sóko kò ní í já yín kulẹ̀."

Bí eré ti bẹ̀rẹ̀, Láníyọnu bọ́ síwájú, kò sì gbójú sókè. Ní oríta Ìdí-Arère, ọ̀nà odò ló yẹ kí wọ́n gbà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sọ́nà oko bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Gbogbo àwọn tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n ń wò ó, yà tẹ̀ lé e. Ìgbà tó rí ahéré rẹ̀ ló tó figbe ta.

Fẹ̀yìntọlá aránṣọ, tó wà lẹ́yìn pátápátá, ló gba ipò kìíní. Wọ́n bi í bó ṣe mọ̀nà.

Ó ní, "Mo wo iwájú, n ò rí ẹṣin kankan. Ni mo bá bèèrè ọ̀nà."