Dọ́fíìnì Bá Òṣùpá Jà

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ etí òkun!
Ààlọ̀ o, a ń gbọ́!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó já lu Dọ́fíìnì, abiyamọ ẹja ńlá tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bílẹ̀ bá ṣú dùdù, ẹja wẹ́wẹ́ á gòkè wá jẹ̀, Dọ́fíìnì á kàn lanu ni. Àfi bí òṣùpá ṣe lé téńté! Òkun mọ́ gbòò, ẹja kankan ò yọjú, ọmọ Dọ́fíìnì ń ké.

Ó bú òṣùpá, òṣùpá túbọ̀ ń tàn. Ó ta omi sí i bí ẹni ń pa àtùpà, pàbó ló já sí. Ló bá ń fò sókè sódò, ó ń kọrin:

"Òṣùpá, dijú o!"
Omi ń mì!
"Ebi ń pọmọ mi o!"
Omi ń mì!

Òṣùpá ní, "Ìyá ọmọ, ìmọ́lẹ̀ tí o fi ń wá àwọn ẹja ni wọ́n fi rí ọ. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sá lọ."

Dọ́fíìnì fa èémí sínú, ó rì wọnú òkùnkùn, ó sì gbé ẹja bọ̀ fọ́mọ.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ sí nìyẹn. Tèmídire, ìwọ ọmọ etí òkun tó ò ń ṣe bojúbojú, tó o dúró sójú òṣùpá, tó ò ń kígbe pé o ò rí ẹnì kankan: àwọn tó sá pamọ́ sókùnkùn ti ń wò ọ́ tipẹ́.